Ogún Oníṣẹ́ Ọwọ́ ní Ayé Ọbabìnrin Victoria: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Káfíńtà tó kú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọdún 1837 sí 1901 kì í sábà fi ìwé púpọ̀ sílẹ̀. Kò kọ ìtàn ara rẹ̀, lẹ́tà tó kọ ti sọnù, àga àti ilẹ̀kùn tó kàn kò sì lórúkọ lára. Bí ó bá kọ ìwé ìhágún, ìyẹn nìkan ni a fi ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo kọ èyí fún ẹni tó ń wá ìtàn ìdílé, fún ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́ òfin, àti fún ẹni tó fẹ́ mọ irú òfin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé wọ Èkó.

Irú èèyàn wo là ń sọ, kí ló sì ní tó fẹ́ pín?

Ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, ọdún méje ni wọ́n sì sábà máa ń fi kọ́ ọ, tó wá ń fi irinṣẹ́ tirẹ̀ jẹun. Káfíńtà ni o, bíríkìlà, télọ̀, oníbàtà, ẹni tó ń rọ ọ̀bẹ ní Sheffield, ẹni tó ń ṣe ìbọn tàbí ohun ọ̀ṣọ́ ní Birmingham. Wọn kì í ṣe olówó, wọn kì í sì í ṣe òtòṣì paraku. Púpọ̀ nínú wọn kú láì kọ ìwé kankan.

Ẹni tó bá kọ ọ́ sábà máa ń ní irinṣẹ́, ohun èlò ilé, aago àpò, aṣọ, owó díẹ̀ nípamọ́, àti ẹ̀tọ́ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ tó ń dáwó sí. Láti 1861 ni ilé ìfìwéránṣẹ́ ti ní báǹkì ìfowópamọ́ tirẹ̀, ṣílè kan péré lèèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó rọ́wọ́ mú tún máa ń ní ilé. Birmingham ni ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ tí a mọ̀ tó ń dáwó kọ́lé ti bẹ̀rẹ̀ ní 1775, nínú ilé ọtí kan tí wọ́n ń pè ní Golden Cross. Bí ẹni ń dá èsúsú ni: gbogbo wọn á máa dáwó lóṣooṣù, wọ́n á kọ́lé fún ẹni tó kàn, títí gbogbo wọn á fi ní ilé, ẹgbẹ́ náà á sì tú ká.

Ṣé òfin fi dandan lé e pé kó fún aya àti ọmọ rẹ̀ ní nǹkan?

Ní England àti Wales, rárá. Bí ó bá wu ọkùnrin náà, ó lè fi gbogbo ohun ìní rẹ̀ fún aládùúgbò, kí aya àti ọmọ máa wò ó bẹ́ẹ̀. Ọdún 1938 ni òfin tó fún ilé ẹjọ́ lágbára láti yọ nǹkan nínú ogún fún aya, tàbí fún ọmọ tí kò lè bọ́ ara rẹ̀, tó dé.

Òmìnira yìí ló jẹ́ kí ìwé wọ̀nyí níye lórí lójú mi. Ibi tí àṣà tàbí òfin bá ti sọ ẹni tó máa jogún, ìwé ìhágún kò lè sọ púpọ̀ nípa ọkàn ẹni tó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí kò ti sí dandan, orúkọ kọ̀ọ̀kan tó wà níbẹ̀ ni olóògbé fẹnu ara rẹ̀ yàn. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sì sí níbẹ̀ náà, ó mọ̀ ọ́n mọ̀ fi í sílẹ̀ ni, tàbí kó ti fún un ní tirẹ̀ nígbà tó wà láàyè.

Scotland ńkọ́?

Òfin tiwọn yàtọ̀. Níbẹ̀, opó àti àwọn ọmọ ní ìpín tiwọn nínú ohun ìní tó ṣeé gbé, ìwé ìhágún kò sì lè gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹ má fi òfin London ka ìwé oníṣẹ́ ọwọ́ Glasgow.

Báwo ni ìwé náà ṣe gbọ́dọ̀ rí kó tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀?

Òfin tó wà lórí rẹ̀ ni wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 3 oṣù Keje 1837, ọ̀sẹ̀ méjì péré lẹ́yìn tí Victoria gorí ìtẹ́. Ọjọ́ kìíní ọdún 1838 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ní kí ìwé wà ní kíkọ, kí ẹni tó ni ín ti pé ọdún 21, kó fọwọ́ sí i nísàlẹ̀, kí ẹlẹ́rìí méjì tó jọ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà rí i, kí àwọn náà sì fọwọ́ sí i lójú rẹ̀.

Ibi tí àwọn tálákà ti ń ṣubú wà nínú ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí yìí. Bí ọkùnrin kan bá ń kú lọ nínú yàrá kótópó, ta ló máa wà nítòsí bí kò ṣe ọmọ rẹ̀ àti ọkọ ọmọ rẹ̀? Bẹ́ẹ̀, òfin ní ẹlẹ́rìí kò gbọ́dọ̀ jogún, aya tàbí ọkọ ẹlẹ́rìí kò sì gbọ́dọ̀ jogún. Ìwé á dúró, ṣùgbọ́n ìpín tiwọn á di òfo. Ọmọ tó fi ìfẹ́ jókòó ti bàbá rẹ̀, tó sì fọwọ́ sí ìwé nítorí kò sẹ́lòmíràn níbẹ̀, lè tipa bẹ́ẹ̀ pàdánù ohun tí bàbá náà fẹ́ fún un.

Òmíràn tún ni ìgbéyàwó. Ọkùnrin tó kọ ìwé, tí aya rẹ̀ wá kú, tó fẹ́ ẹlòmíràn, ìgbéyàwó kejì yẹn ti pa ìwé àkọ́kọ́ rẹ́. Bí kò bá kọ òmíràn, ẹni tí kò kọ ìwé rárá ni òfin á kà á sí. Bí ó bá sì fẹ́ tún ọ̀rọ̀ kan ṣe nínú ìwé tó ti kọ, kò lè fi gègé wọ́ ọ kó tún òmíràn kọ sórí rẹ̀ lásán. Àtúnṣe náà nílò ọwọ́ tirẹ̀ àti ti ẹlẹ́rìí méjì.

Bí ó bá sọ ọ́ lẹ́nu kó tó kú ńkọ́?

Láti 1838, ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó mọ́, àfi fún ọmọ ogun tó wà lójú ogun àti fún atukọ̀ tó wà lórí òkun. Bí gbogbo ilé bá gbọ́ ọ, bí àlùfáà bá gbọ́ ọ, bí kò bá sí nínú ìwé, ilé ẹjọ́ kò mọ̀ ọ́n.

Bí kò bá mọ̀wé kọ?

Ó lè fi gègé fa àmì àgbélébùú, kí ẹlòmíràn kọ orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe ohun ìtìjú nígbà náà. Ní nǹkan bí 1840, bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ọkọ ìyàwó àti ìdajì àwọn ìyàwó ló ń fi irú àmì bẹ́ẹ̀ fọwọ́ sí ìwé ìgbéyàwó wọn ní England.

Kí ló dé tí wọ́n fi máa ń kọ ọ́ pé aya á jogún "níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì jẹ́ opó mi"?

Ọ̀pọ̀ òǹkàwé òde òní máa ń bínú sí gbólóhùn yìí, wọ́n á ní owú ni, pé òkú fẹ́ máa ṣọ́ obìnrin láti inú sàréè. Owú lè wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo òfin ìgbà náà kí ẹ tó dájọ́.

Kó tó di ọjọ́ kìíní ọdún 1883, nígbà tí òfin 1882 lórí ohun ìní obìnrin bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ohun tó ṣeé gbé tí obìnrin bá mú wọ ilé ọkọ ti di ti ọkọ. Bẹ́ẹ̀dì tí ìyá rẹ̀ fún un, ìkòkò, aṣọ tábìlì, owó tó tù jọ, gbogbo rẹ̀. Òfin 1870 ti dá owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ padà fún un, ṣùgbọ́n kò kan ohun gbogbo. Ìdí nìyí tí ẹ fi máa ń rí i nínú ìwé ìhágún tí káfíńtà ń fún aya rẹ̀ ní ṣíbí, àwo àti ibùsùn tí obìnrin náà ti ń lò láti ogún ọdún. Bí kò bá kọ ọ́, lójú òfin, kì í ṣe ti obìnrin náà.

Ó dáa, kí opó yìí wá fẹ́ ọkọ mìíràn. Gbogbo ohun tí olóògbé fi sílẹ̀ fún un láì dè é á bọ́ sọ́wọ́ ọkọ tuntun. Ọkọ tuntun lè ta á, ó lè mu ún lọ́tí, ó lè fún àwọn ọmọ tirẹ̀. Àwọn ọmọ olóògbé á wá dúró lójúde. Nítorí náà ló fi máa ń sọ pé kí opó máa gbé ilé, kó máa jẹ èrè owó, títí ó fi kú tàbí títí ó fi tún fẹ́ ọkọ. Lẹ́yìn náà kí wọ́n pín in fún àwọn ọmọ.

Ìbẹ̀rù kan náà ló wà lẹ́yìn ohun tí wọ́n ń kọ fún àwọn ọmọbìnrin. Pínpín lọ́gbọọgba láàárín ọkùnrin àti obìnrin wọ́pọ̀ gan-an nínú ìwé àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Ṣùgbọ́n tó bá kan ti ọmọbìnrin, bàbá á fi kún un pé tirẹ̀ nìkan ni, kí gbèsè ọkọ rẹ̀ má ṣe kàn án, kí ọkọ rẹ̀ má sì ní àṣẹ lórí rẹ̀. Bàbá tó mọ irú ẹni tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Ta ló ń jogún irinṣẹ́?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù nìyí, nítorí ibẹ̀ ni ìwé oníṣẹ́ ọwọ́ ti yàtọ̀ sí ti oníṣòwò àti ti onílẹ̀.

Irinṣẹ́ ni iṣẹ́. Káfíńtà tó bá lọ gbaṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ gbé tirẹ̀ dání. Ẹgbẹ́ ńlá àwọn káfíńtà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1860, tí Robert Applegarth di akọ̀wé rẹ̀ ní 1862, máa ń san owó fún ọmọ ẹgbẹ́ tí irinṣẹ́ rẹ̀ bá jóná tàbí tí wọ́n jí i, nítorí ẹni tí irinṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ti dẹni tí kò níṣẹ́. Òfin onígbèsè ti 1883 pàápàá fi irinṣẹ́, aṣọ àti ibùsùn sílẹ̀ fún ẹni tó wọ gbèsè, tí iye gbogbo rẹ̀ kò bá ju £20 lọ.

Ẹ wo àpótí irinṣẹ́ káfíńtà ayé ìgbà náà. Ìta rẹ̀ kò ní ọ̀ṣọ́ kankan, ọ̀dà dúdú tàbí àwọ̀ ewé tó ṣókùnkùn ni. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí ìdérí rẹ̀: inú rẹ̀ á kún fún pákó olówó iyebíye tí wọ́n gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn lóríṣiríṣi àwọ̀, dúrọ́ọ̀ kéékèèké á máa yọ́ wọlé yọ́ jáde bí ẹni fi epo sí i. Ìgbà tí ọmọ iṣẹ́ bá ń parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ló sábà máa ń kàn án. Ìfági onígi tó wà nínú rẹ̀, èyí tí àwọn káfíńtà ń pè ní pílénì, ní orúkọ olówó rẹ̀ tí wọ́n fi irin òǹtẹ̀ lù sí iwájú rẹ̀. Nígbà mìíràn, orúkọ méjì tàbí mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ọ̀kan lókè ọ̀kan, ẹni tó kọ́kọ́ ni ín àti àwọn tó gbà á lẹ́yìn rẹ̀. Ìtàn ogún ni orúkọ wọ̀nyẹn, kódà níbi tí kò ti sí ìwé.

Àwọn ìfági kan tún wà tó jẹ́ pé méjì méjì ni wọ́n ń rìn. Ọ̀kan ń gbẹ́ ojú igi wọnú, èkejì ń gbẹ́ ẹ kó yọ bíríbírí, òǹkà kan náà sì wà lára àwọn méjèèjì. Ìdajì àkójọ wọn jẹ́ 18, ìyẹn méjì méjì lọ́nà mẹ́sàn-án. Bàbá tó bá ní ọmọ méjì, tó wá ní òun fẹ́ ṣe dáadáa, tó fún àkọ́bí ní èyí tó ń gbẹ́ wọnú, tó fún àbúrò ní èyí tó ń gbẹ́ síta, ti ba ti àwọn méjèèjì jẹ́. Nítorí náà, oníṣẹ́ ọwọ́ tó bá gbọ́n kì í pín àpótí. Ẹnì kan ló máa ń fún ní gbogbo rẹ̀, á sì wá fi owó dí i fún àwọn yòókù.

Ta wá ni ẹnì kan náà? Ọmọ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ni, bí ó bá wà. Bí kò bá sí, ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí ọkọ ọmọ tó ń ṣe irú iṣẹ́ náà. Nígbà mìíràn, ọmọ iṣẹ́ tó ti wà pẹ̀lú rẹ̀ láti kékeré. Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn á sọ: ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìwé náà dópin. Bí ọmọ rẹ̀ bá ti di akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ rélùwéè, kí ló fẹ́ fi ìfági ṣe? Á tà á ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Bàbá fún un ní ilé tàbí owó, ó sì gbé àpótí fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n lò. Bí kò bá wá sí ẹnikẹ́ni, á ní kí wọ́n tà á, kí owó rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ opó.

Kí ni ó máa ń fún àwọn ọ̀rẹ́?

Òrùka wúrà ìrántí, aago, ọ̀pá ìtìlẹ̀, ìwé, owó díẹ̀. Bí ẹ bá rí £19 19s (pọ́n-ùn 19 àti ṣílè 19) nínú ìwé, ẹ má rò pé ìṣirò rẹ̀ ló dàrú. Gínì 19 gééré ni (ṣílè 21 ni gínì kan), ìdí rẹ̀ sì ni owó orí. Ohun tí èèyàn bá jogún tó bá ti tó £20, ìjọba máa ń gba nǹkan lórí rẹ̀, bó bá sì ṣe jìnnà sí olóògbé tó ni owó náà ṣe ń pọ̀ sí i. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ọ̀rúndún náà, aya kì í san nǹkan kan, ọmọ ń san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ń san mẹ́ta, ẹni tí kì í ṣe ẹbí rárá ń san mẹ́wàá. Ọ̀rẹ́ tó gba £19 19s kò san kọ́bọ̀.

Irú owó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tún fi máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ tí wọ́n bá yàn láti pín ogún. Iṣẹ́ ńlá ni: á sin òkú, á san gbèsè, á gba owó tí àwọn oníbàárà jẹ, á sì dúró láàárín ọmọ ìyàwó àkọ́kọ́ àti ti ìkejì.

Ọmọ tí wọ́n bí síta àti ọmọ tí wọ́n gbà tọ́ ńkọ́?

Òfin Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà le sí wọn, mo sì rò pé ìkà gidi ni. Bí bàbá bá kọ ọ́ pé "àwọn ọmọ mi", kìkì èyí tí wọ́n bí nínú ìgbéyàwó ni ilé ẹjọ́ máa kà. Ọmọ tí a bí kí ìyá àti bàbá tó fẹ́ra kò sí nínú rẹ̀, bí àwọn méjèèjì tilẹ̀ padà lọ ṣègbéyàwó lọ́la rẹ̀. Ọdún 1926 ni wọ́n tó tún ìyẹn ṣe. Ọdún 1926 kan náà ni òfin tó mọ ìgbàtọ́ ọmọ dé England.

Aya pàápàá lè bọ́ sínú rẹ̀. Láti 1835 títí di 1907, ọkùnrin kò lè fẹ́ àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n aya rẹ̀ tó ti kú. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó sábà máa ń wọlé wá tọ́ àwọn ọmọ aláìníyàá nìyẹn. Wọ́n á jọ máa gbé, wọ́n á bímọ, kò sì sí ìgbéyàwó kankan lójú òfin. Ọkùnrin tó bá mọ̀ bẹ́ẹ̀ á dárúkọ obìnrin náà bí bàbá rẹ̀ ṣe sọ ọ́, á dárúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ti rí ìwé tó ń dá orúkọ kọ̀ọ̀kan sọ lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́ báyìí, ẹ fura pé ó ń dáàbò bo ẹni kan.

Ṣé òótọ́ ni pé ó gbọ́dọ̀ fi ṣílè kan sílẹ̀ fún ọmọ tí kò fẹ́ fún ní nǹkan?

Kì í ṣe òótọ́. Àwọn èèyàn gbà á gbọ́, ìdí nìyẹn tí ṣílè kan fi wà nínú àwọn ìwé kan. Òfin kò béèrè rẹ̀.

Bí kò bá kọ ìwé rárá?

Ọ̀nà méjì ni ogún rẹ̀ máa gbà. Ohun tó ṣeé gbé àti owó, opó gba ìdá kan nínú mẹ́ta, àwọn ọmọ, lọ́kùnrin lóbìnrin, pín ìdá méjì tó kù lọ́gbọọgba. Bí kò bá sí ọmọ, opó gba ìdajì, láti 1890 ó sì ti lè kọ́kọ́ mú £500. Ṣùgbọ́n ilé tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ti olóògbé pátápátá, àkọ́bí ọkùnrin ló ni gbogbo rẹ̀, títí di òpin 1925.

Ilé orí líìsì ni ọ̀tọ̀. Líìsì ọdún 99 wọ́pọ̀ ní London àti Birmingham, òfin sì ka líìsì mọ́ ohun tó ṣeé gbé, kì í ṣe mọ́ ilẹ̀. Ilé méjì lè dojú kọra ní àdúgbò kan, kí biríkì wọn jẹ́ ọ̀kan náà, kí gbogbo ọmọ pín ọ̀kan, kí àkọ́bí sì gba èkejì nìkan.

Owó ẹgbẹ́ tún ní ọ̀nà tirẹ̀. Lábẹ́ òfin 1875, ọmọ ẹgbẹ́ tí wọ́n ń dáwó sí láti ran ara wọn lọ́wọ́ lè dárúkọ ẹni tó máa gba owó rẹ̀ tí kò bá ju £50 lọ, láì sí ìwé ìhágún. Ní 1883 wọ́n sọ ọ́ di £100. Èmi gbà pé ọ̀pọ̀ ogún àwọn tálákà gba ibí yìí kọjá, láì dé etí ilé ẹjọ́.

Ǹjẹ́ èyí kan àwa Yorùbá?

Ó kàn wá tààrà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861. Òfin ilé ẹjọ́ gíga ti 1876 wá gbé àwọn òfin gbogbogbò tó wà ní England ní ọjọ́ 24 oṣù Keje 1874 wọ ìlú náà, òfin ìhágún ti 1837 sì wà lára wọn. Èkó ìgbà náà kún fún oníṣẹ́ ọwọ́, pàápàá láàárín àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé. João Baptista da Costa tó kọ́ mọ́sálásí Shitta-Bey, èyí tí wọ́n ṣí ní 1894, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Sanusi Aka ló bá a ṣiṣẹ́ náà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó bá fẹ́ kọ ìwé ìhágún ti Gẹ̀ẹ́sì, ẹlẹ́rìí méjì kan náà tí wọ́n ń wá ní Birmingham ló gbọ́dọ̀ wá.

Irú ìgbéyàwó tí èèyàn ṣe náà tún fi tirẹ̀ kún un. Nínú ẹjọ́ Cole ní 1898, arákùnrin olóògbé ní òun ló yẹ kó jogún gẹ́gẹ́ bí àṣà ìbílẹ̀. Ṣùgbọ́n olóògbé ti ṣe ìgbéyàwó onígbàgbọ́ ní Sàró, ilé ẹjọ́ Èkó sì gba ti opó àti ọmọ rò. Lẹ́yìn náà, òfin ìhágún ti Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní 1958 fi ààlà kan sí i: àṣẹ tí èèyàn ní láti há ohun ìní rẹ̀ wà lábẹ́ àṣà ìbílẹ̀ tó bá kan ohun náà. Ilẹ̀ ẹbí kì í ṣe ohun tí ẹnì kan lè fi ìwé gbé fún ọ̀rẹ́.

Níbo ni mo ti lè rí ìwé wọn, báwo ni kí n sì ṣe kà á?

Kó tó di ọjọ́ 12 oṣù Kìíní 1858, ilé ẹjọ́ ìjọ ló ń fọwọ́ sí ìwé ìhágún. Ti ilé ẹjọ́ Canterbury, tó tóbi jù, wà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba ní Kew, ní London, lábẹ́ àmì PROB 11. Láti ọjọ́ náà lọ, ìjọba gbà á, ó sì ń tẹ ìwé orúkọ jáde lọ́dọọdún: orúkọ olóògbé, àdírẹ́sì, iṣẹ́ rẹ̀, ọjọ́ tó kú, àwọn tó pín ogún, àti iye ohun tó fi sílẹ̀. Ẹ lè wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ ṣọ́ra fún iye yẹn. Kó tó di 1898, kò sí ilé orí ilẹ̀ ẹni nínú rẹ̀, gbèsè olóògbé kò sì tíì jáde kúrò níbẹ̀. Oníbàtà tí wọ́n kọ pé ohun ìní rẹ̀ kò tó £100 lè ní ilé méjì, ẹni tí wọ́n kọ £300 fún sì lè jẹ gbèsè tó ju ìyẹn lọ. Ẹ béèrè fún ẹ̀dà ìwé ìhágún náà fúnra rẹ̀, kí ẹ kà á látòkè délẹ̀, títí kan orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí, nítorí àwọn yẹn ni aládùúgbò tàbí ẹlẹgbẹ́ iṣẹ́ tó wà nítòsí lọ́jọ́ náà.